Igbó Ọmọ̀ Kì Í Ṣe Àpò Owó Ìjọba

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ Igbó Ọba Ọmọ̀ bá délẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Ògbèrè tàbí ní Abígí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń fi ká ènìyàn mọ́: ẹ̀yìn ta lo wà, ẹ̀yìn erin ni tàbí ẹ̀yìn àgbẹ̀? Ẹni tó bá dáhùn pé erin, wọ́n á ní ó ti gbàgbé ọmọ ènìyàn tí ebi ń pa. Ẹni tó bá dáhùn pé àgbẹ̀, wọ́n á ní kò kàn án bí igbó bá parẹ́. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè náà kò tọ̀nà láti ìpìlẹ̀, àti pé àwọn kan wà tó ń jàǹfààní bó ṣe dúró báyìí. Erin wà nínú rẹ̀, àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba tó ni igbó náà lábẹ́ òfin, tó ń gba owó lórí gẹdú tó ń tibẹ̀ jáde, kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ohun tó ń pa Igbó Ọmọ̀ ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti pààlà rẹ̀ títí di òní, owó ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Igbó tí a bá sì pa mọ́ torí owó, ọjọ́ tí owó tó pọ̀ ju tirẹ̀ lọ bá yọjú ni yóò lọ.

Ọdún 1925 ni ìjọba amúnisìn fi òfin sọ ilẹ̀ yìí di igbó ọba, nígbà tó ṣì jẹ́ apá kan igbó Ṣáṣà àtijọ́. Ilẹ̀ ńlá ni. Ó lé ní 130,000 hẹ́kítà, ó kan Ìjẹ̀bú North, ó gba Ìjẹ̀bú East kọjá, ó sì wọ Ògùn Waterside. Kì í ṣe torí erin ni wọ́n ṣe pààlà rẹ̀, kì í sì í ṣe torí ẹyẹ. Gẹdú ni. Òyìnbó tó ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀ lọ́dún 1899, tó sì wá ń ya àwọn yòókù sọ́tọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni bí ìrókò, ọ̀gànwó, ìdígbò àti afàrà kò ṣe ní tán lójijì. Ìpamọ́ oníṣòwò ni: kí àgbẹ̀ má sun ún, kí ọdẹ má wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ, kí agẹgẹdú tó sanwó lè rí nǹkan gé lónìí àti lọ́la. Nígbà náà gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá ara wọn jà lórí ohun kan náà. Gifford Pinchot, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn aṣọ́gbó ìjọba wọn, ní torí kí ènìyàn lè lò ó pẹ̀lú ọgbọ́n la ṣe ń pa igbó mọ́. John Muir ní rárá, ó ní ibì kan wà tí kò yẹ kí á fọwọ́ kàn, èrè yòówù kó wà níbẹ̀. Wọ́n jà dé orí àfonífojì Hetch Hetchy tó wà nínú ọgbà Yosemite, nítorí ìlú San Francisco fẹ́ fi ìsédò bò ó. Ní 1913, ilé aṣòfin fara mọ́ ìsédò náà. Muir pàdánù, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kú ní ilẹ̀ wọn. Àríyànjiyàn náà ń bá a lọ títí di òní. Ní ti wa, ọ̀rọ̀ Pinchot nìkan ló bá ọkọ̀ òkun dé. Kò sẹ́ni tó bi àwọn baba wa léèrè bóyá èrò mìíràn wà.

Nígbà tí òmìnira dé, ẹni tó jókòó sórí àga yí padà, òṣùwọ̀n kò yí. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń wó igbó àdáyébá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà, pàápàá ní apá tí wọ́n ń pè ní Area J4, tí wọ́n sì ń fi mẹ́línà rọ́pò rẹ̀. Igi apá Íńdíà àti Bọ́mà ni mẹ́línà, ó ń yára dàgbà, ó sì dára fún bébà. Ìjọba àpapọ̀ wá lọ tẹ ilé iṣẹ́ bébà dó sí Ìwopin, létí ọ̀sà ní Ògùn Waterside, pé ibẹ̀ ni mẹ́línà Ọmọ̀ yóò máa gbà lọ. Gbogbo ẹni tó mọ Ìwopin ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn já sí. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣe bébà dé ìwọ̀n tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀ rí, mẹ́línà tí wọ́n gbìn fún un di pákó àti òpó lọ́wọ́ agẹgẹdú, igbó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì padà wá. Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ síbí yìí. Kì í ṣe àgbẹ̀ kòkó ló wó igbó yẹn. Ìjọba ló wó o, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, pẹ̀lú ìmọ̀ àwọn onímọ̀ igbó, nítorí ìṣirò tó sọ pé èrè bébà ju ti igbó lọ. Ìjọba kan náà ló tún pe àwọn àgbẹ̀ wọlé nínú ètò tí wọ́n ń pè ní tọ́ńgíyà: ẹ wá gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ yín sáàárín ọmọ mẹ́línà, kí ẹ máa bá wa ro ó títí yóò fi dàgbà. Àwọn àgbẹ̀ wá. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ. Lónìí, wọ́n ti di arúfin lẹ́nu ẹni tó fi ìwé pè wọ́n.

Ohun kan ló yàtọ̀ nínú ìtàn yìí, ó sì kéré débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ọ́n. Ní 1946, wọ́n ya 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ nínú igbó náà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé igi níbẹ̀, kí wọ́n má gbin nǹkan kan sí i, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò tó ìdá kan nínú igba gbogbo ilẹ̀ Ọmọ̀. Síbẹ̀, ìpamọ́ yẹn ló mú kí UNESCO gba Ọmọ̀ wọlé sínú àwọn igbó tí gbogbo ayé ń bójú tó, lọ́dún 1977. Bí a bá wo ìtàn náà látòkè délẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí wọ́n kọ̀ láti díye lé ló sọ gbogbo igbó náà di olókìkí. Gbogbo ibi tí wọ́n díye lé, wọ́n ti tà á, bí kò ṣe lẹ́ẹ̀kan, a jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀.

Erin tó kù níbẹ̀ ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí kan náà. Kì í ṣe erin ọ̀dàn tí a ń rí nínú fíìmù. Erin igbó ni, ó kéré sí ti ọ̀dàn, eyín rẹ̀ tọ́, ó sì kọjú sílẹ̀. Ní 2021, àjọ IUCN kà á sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì fi í sí ipele tó kẹ́yìn kí ẹranko tó pòórá nínú igbó. Wọ́n ní iye rẹ̀ ní Áfíríkà ti fi ohun tó lé ní 86 nínú 100 dínkù láàárín ọdún 31. Oṣù 22 ni abo rẹ̀ fi ń gbé oyún. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Dzanga, ní Central African Republic, tó jáde ní 2016, fi hàn pé nǹkan bí 60 ọdún ni yóò gbà kí iye erin igbó tó di ìlọ́po méjì. Èyí túmọ̀ sí pé agbo erin tí a bá pa run ní Ọmọ̀ lónìí, àwọn ọmọ ọmọ wa kò ní rí àrọ́pò rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú igbó pẹ̀lú. Òun ló ń gbé èso igi ńláńlá mì, tó ń rìn wọ́n lọ síbi tó jìn, tó sì ń yàgbẹ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n hù. Òro, tí a ń lọ kóró rẹ̀ se ọbẹ̀ ààpọ̀n, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mi lé orí iṣẹ́ yẹn nìkan, nítorí bí mo bá ní torí òro la ṣe gbọ́dọ̀ dá erin sí, ẹnì kan yóò ní òun lè gbin òro fúnra òun. Erin ti wà nílẹ̀ yìí kí àwa tó dé. Wíwà rẹ̀ nìkan ti tó ìdí láti má ṣe pa á run.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ aláìríṣẹ́ṣe nìyẹn, pé nínú ayé òde òní, ohun tí kò bá pa owó kò lè dúró. Wọ́n ní ká ta afẹ́fẹ́ carbon tí igi Ọmọ̀ ń fà mọ́ra fún àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, ká kọ́ ilé ìtura sí J4 kí àlejò máa wá wo erin, kí owó tó bá wọlé máa bọ́ àwọn ará abúlé. N kò kórìíra owó yẹn. Bí ó bá wá, kó wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kòkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé kò tó $3,000. Ní Oṣù Kejìlá 2024, ó ti kọjá $12,000. Àdéhùn carbon wo, tí wọ́n bu ọwọ́ lù kí owó náà tó gbéra, ni yóò di àgbẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba mú lọ́dún yẹn? Bí a bá ti gbà pé owó ni ìdí tí a fi pa igbó mọ́, a ti gbà náà pé bí kòkó bá wọ́n ju carbon lọ, ó tọ́ ká gé e. Owó kòkó tún ti já wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n igi tó wó kò bá a dìde. Ọjà ń gòkè, ó ń sọ̀. Igbó kò lè bá a gòkè sọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kì í ṣe àìmọ ìṣirò ni kí á ní apá kan ilẹ̀ wa kò ní iye owó. Ìṣirò gan-an ló gbé wa débẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù lọ kò ti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò wá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbèjà tálákà ló ti wá, ó sì yẹ ká fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. Wọ́n ní ìpamọ́ ẹranko jẹ́ àṣà àwọn tó ti yó. Ní 1989, Ramachandra Guha, onímọ̀ ìtàn ará Íńdíà, kọ àpilẹ̀kọ kan tó ṣàlàyé pé nígbà tí èrò àwọn ará Amẹ́ríkà nípa igbó tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ gbé bá dé ilẹ̀ tálákà, ohun tó máa ń dà ni kí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ aláìní kí olówó lè wá wo ẹkùn. Òótọ́ ló sọ. Ọgbà Yellowstone ní Amẹ́ríkà pàápàá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1872, tí gbogbo ayé fi ń ṣe àwòkọ́ṣe, ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ ni, wọ́n sì lé wọn kúrò níbẹ̀. Yúróòpù tó ń kọ́ wa ní ìpamọ́ igbó lónìí ti gé tirẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2023, pé kòkó tó bá ti inú igbó tí wọ́n gé lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 wá kò ní wọ ọjà wọn, wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tó ń pa oníṣòwò tiwọn lára. Ẹni tó bá ń bínú sí àgàbàgebè yìí kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò sọ tiwa di òdodo. Bí òyìnbó bá gé igbó tirẹ̀ tán, ìdí nìyẹn fún wa láti ṣọ́ tiwa, kì í ṣe láti bá a dọ́gba.

Ẹ sì jẹ́ ká béèrè ta ni tálákà náà gan-an nínú ọ̀rọ̀ Ọmọ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2023, ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press gbé e jáde pé kòkó tí wọ́n gbìn sí apá ìpamọ́ nínú igbó náà ń bá kòkó yòókù lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ ṣokoléètì ńláńlá lókè òkun. Ẹni tó gbìn ín, tó ń sùn sínú àhéré láìsí omi ẹ̀rọ, láìsí ilé ìwòsàn, ìpín tirẹ̀ ló kéré jù nínú owó yẹn. Kò ní ìwé ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè lé e lọ́la. Nítorí kò dá a lójú pé òun yóò wà níbẹ̀ lọ́dún márùn-ún sí i, kíákíá ló fẹ́ rí èrè, kì í dá igi ńlá sí sáàárín kòkó, á sì tún wó igbó mìíràn bí ilẹ̀ àkọ́kọ́ bá ṣá. Àìnídàánilójú yìí ń jẹ igbó, ó ń jẹ àgbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn apẹja Mákun-Omi àti Ìwopin náà wà níbẹ̀, àwọn tí omi ọ̀sà wọn ń ti àwọn odò inú igbó wá, tí ẹnikẹ́ni kì í pè bí wọ́n bá ń pín ìwé àṣẹ ìgẹdú. Tálákà ni wọ́n pẹ̀lú. Ẹni tó bá fi orúkọ tálákà gbèjà gígé igbó yẹ kó sọ èwo nínú wọn ló ń sọ.

Mo gbọ́ àwọn tó ní kí á padà sí ọ̀nà àwọn baba wa. Òótọ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Igbó Orò wà ní ìlú Ìjẹ̀bú káàkiri, igbó Agẹmọ wà, kò sì sí baálẹ̀ kan tó lè dìde ní òwúrọ̀ kó ta igi inú wọn fún agẹgẹdú. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó tó nǹkan bíi 75 hẹ́kítà, dúró láàárín ìlú ńlá nítorí èèwọ̀, àti nítorí pé àwọn bí Àdùnní Olórìṣà fi gbogbo ayé wọn gbèjà rẹ̀ nígbà tí èèwọ̀ ń rẹ̀. UNESCO wá gbà á ní 2005. Èèwọ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni nájà, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n kí á má tan ara wa. Kékeré ni àwọn igbó wọ̀nyẹn, ìbẹ̀rù òrìṣà tó ń ṣọ́ wọn kò sì sí lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa mọ́. Ìmàle àti Kìrìsítẹ́nì ló pọ̀ jù ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè lónìí. Ohun tí a lè mú nínú rẹ̀ ni ìpinnu náà fúnra rẹ̀, pé ohun kan wà tí a kì í tà, ká wá fi òfin ṣe ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wangari Maathai ṣe é ní Kenya. Nígbà tí ìjọba pín igbó Karura ní Nairobi fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, kò kọ́kọ́ lọ ṣírò iye tí igbó náà lè pa wọlé. Ó ní ti gbogbo ìlú ni, kò sẹ́ni tó lè fi tọrẹ. Wọ́n lù ú ní ìlùkulù ní Oṣù Kìíní 1999. Igbó náà ṣì wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tí erin ń jẹ oko wọn. Ní agbègbè Ìmọ̀bí àti J4, erin máa ń wọ oko, á jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́, iṣẹ́ ọdún kan á di asán lóru ọjọ́ kan. Ẹni tó ń gbé ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta, tó ń yọ̀ pé erin ṣì wà ní Ìjẹ̀bú, kì í san kọ́bọ̀ nínú ìyà yẹn. Bí erin bá jẹ́ ti gbogbo wa, gbèsè tó bá jẹ jẹ́ ti gbogbo wa pẹ̀lú. Kí ìpínlẹ̀ máa san owó gbà-má-bínú fún oko tí erin bá bà jẹ́, kí wọ́n san án ní kíákíá, láàárín oṣù kan, láìjẹ́ pé àgbẹ̀ ní láti lọ bẹ ẹnikẹ́ni ní sẹkitéríàtì. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá wà láàárín apá tí a yà sọ́tọ̀ fún erin yóò ní láti kúrò. N kò ní fi dídùn bo ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n san owó gbogbo igi kòkó rẹ̀, kí wọ́n fún un ní ilẹ̀ mìíràn kó tó kó ẹrù, kì í ṣe lẹ́yìn tí katakátá bá ti wó ilé rẹ̀.

Bí igi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́kọ́ gbé, ìwé àṣẹ ìgẹdú ló sì wà lókè. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ni òfin gbé igbó ọba lé lọ́wọ́. Kí ó gbé orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìwé àṣẹ ní Ọmọ̀ jáde, pẹ̀lú ibi tí àṣẹ náà dé àti ọjọ́ tí yóò parí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Ògbèrè àti ní Abígí. Kí ilé aṣòfin ní Òkè-Mọ́sàn ṣe òfin tó fa ìlà yí ilẹ̀ erin àti 460 hẹ́kítà ọdún 1946 ká, tí yóò sì sọ pé gómìnà kankan kò lè fi ìbuwọ́lùwé yọ ọ́ kúrò. Fún àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlà náà, kí wọ́n fún wọn ní ìwé ìdúrólẹ̀ ọlọ́dún gbọọrọ, pẹ̀lú àdéhùn pé wọ́n á dá igi ńlá sí sínú oko kòkó wọn, kí wọ́n sì yan aṣojú tiwọn sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ igbó. Iṣẹ́ tí Elinor Ostrom fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009 dá lé èyí, pé àwọn tó ń gbé ti ohun àjọni, bí wọ́n bá ní ohùn nínú òfin rẹ̀, lè ṣọ́ ọ dáadáa láìsí ọlọ́pàá lẹ́yìn wọn. Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, kò jìnnà. Kí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ bá wọn wọn ìlà náà, kí wọ́n sì máa gbé àwòrán rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, kí gbogbo wa lè rí i bí ẹnikẹ́ni bá sún un.